Ìgbàgbọ́ Ẹni, Ìrora Ẹlòmíràn

Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ní Yunifásítì Eastern Michigan tó wà nílùú Ypsilanti ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣí fáìlì ẹni tó fẹ́ wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀. Julea Ward lorúkọ akẹ́kọ̀ọ́ náà. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ girama ni, Kristẹni tí kì í fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣeré sì ni. Máàkì rẹ̀ ga gan-an, 3.91 nínú 4. Ó ti dé ìpele tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń jókòó ti àwọn tó ní ìṣòro gidi, tí olùkọ́ á sì máa wo bó ṣe ń ṣe é. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń bá ẹni tó ń bọ̀ yìí fínra. Ṣùgbọ́n fáìlì náà sọ ohun kan sí i: onítọ̀hún ti gba ìmọ̀ràn rí nípa ìfẹ́ tó wà láàárín òun àti ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ ẹ̀yà kan náà, irú èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní ìfẹ́ akọ sí akọ tàbí abo sí abo.

Wákàtí díẹ̀ ló kù kí ẹni náà dé. Ward bi ọ̀gá tó ń mójú tó o léèrè pé, ṣé kí òun fa ẹni yìí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ báyìí, àbí kí òun gbà á ná, bí ọ̀rọ̀ bá wá yí sórí ìfẹ́ náà, kí òun tó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́? Ó ní òun kò kọ ẹni náà, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ òun kò jẹ́ kí òun lè fọwọ́ sí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ fagi lé ìpàdé ọjọ́ yẹn, wọ́n wá ẹlòmíràn fún onítọ̀hún. Lẹ́yìn náà ni ilé ẹ̀kọ́ pe Ward jókòó. Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n lé e.

Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ Ward. Ẹlẹ́sìn gbà á bí ẹni tí wọ́n ṣe inúnibíni sí. Àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ akọ tó ń fẹ́ akọ àti abo tó ń fẹ́ abo gbà á bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìníbi-ìsádi. Èmi rò pé apá méjèèjì ló mú díẹ̀ nínú òtítọ́ lọ́wọ́, àti pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ, ìyẹn ẹni tó ń ṣàìsàn ọkàn, ni ariwo wọn bò mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ. Ẹgbẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn ní Amẹ́ríkà, American Counseling Association, ní ìwé ìlànà tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Nínú èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2005, agbaninímọ̀ràn lè fa ènìyàn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ bó bá rí i pé òun kò ní ìmọ̀ tó lórí ìṣòro onítọ̀hún. Ìwé náà kò sọ ní tààràtà bóyá ìgbàgbọ́ ẹni lè jẹ́ ìdí. Ihò yẹn ni ẹjọ́ Ward gbà wọlé. Ní 2014 wọ́n dí i pa: wọ́n kọ ọ́ kedere pé agbaninímọ̀ràn kò gbọ́dọ̀ tìtorí ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbàgbọ́ nìkan fa ẹnikẹ́ni lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí ìmọ̀ rẹ kò bá tó, lọ kọ́ ọ, tàbí kí o wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ pé ọkàn rẹ ni kò fẹ́, ìyẹn kì í ṣe àìmọ̀. Ìwé kan náà ló dáàbò bo ẹlẹ́sìn: kò gba agbaninímọ̀ràn láyè láti ṣe ojúsàájú sí ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe gbà á nítorí irú ẹni tó ń fẹ́. Inú gbólóhùn kan náà ni méjèèjì wà.

Kí ló dé tí fífa ènìyàn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ fi di ọ̀ràn ńlá tó bẹ́ẹ̀? Lójú ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, nǹkan kékeré ni, kí a kàn pààrọ̀ orúkọ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó lo oṣù mẹ́ta kó tó lè ní ìgboyà láti ké sí ilé ìgbaninímọ̀ràn, tí ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé ó dójú ti ìdílé, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń yẹra fún un. Ó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, “Jọ̀wọ́, ẹlòmíràn ni yóò gbà ọ́.” Kò sí ẹni tó máa ṣàlàyé ìdí fún un, kò sì nílò àlàyé. Ó ti gbọ́ ọ rí nílé. Ìlú mìíràn sì wà tó jẹ́ agbaninímọ̀ràn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bí ìyẹn bá kọ̀, ta ló kù?

Síbẹ̀, mi ò lè sọ pé ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe dáadáa. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ń gbọ́ ẹjọ́ Michigan dá ẹjọ́ náà padà. Ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ ti dá yunifásítì láre ní 2010 láìjẹ́ kí ẹjọ́ dé iwájú àwọn ìgbìmọ̀ ará ìlú tó máa ń dájọ́. Adájọ́ Jeffrey Sutton, tó kọ ìdájọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ní kí ó dé iwájú wọn. Ó bi àwọn ìbéèrè tó gún ilé ẹ̀kọ́ náà lójú. Wọ́n ti gba akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣọ̀fọ̀ láyè kó má gba ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nímọ̀ràn. Ìwé ìlànà ẹgbẹ́ agbaninímọ̀ràn ìgbà yẹn fúnra rẹ̀ gbà kí agbaninímọ̀ràn fa aláìsàn tó ń kú lọ, tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa bí òun yóò ṣe kú, lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kí ló wá dé tó jẹ́ ti ẹ̀sìn nìkan ni kò sí àyè? Ó tún rí i pé níbi ìgbẹ́jọ́ inú ilé ẹ̀kọ́ náà, olùkọ́ kan bá Ward fa ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn, bí ẹni pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ilé ẹjọ́ náà sọ pé bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún ìfaradà lápá kan, ó yẹ kó wà lápá kejì pẹ̀lú.

Ibẹ̀ yẹn ni mo fara mọ́ adájọ́ náà. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ lé òfin kan gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, kó sì fi de gbogbo ènìyàn bákan náà. Kò tọ́ kí olùkọ́ jókòó lórí àga ìdájọ́ kó máa bi akẹ́kọ̀ọ́ nípa Bíbélì rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2012, wọ́n parí ẹjọ́ náà ní ìtùnbí-ìnùbí: wọ́n san 75,000 dọ́là fún Ward, yunifásítì kò sì yí ìlànà rẹ̀ padà. Kò sí ẹni tó borí pátápátá.

Ẹjọ́ kejì yàtọ̀. Jennifer Keeton ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Augusta State ní ìpínlẹ̀ Georgia, ó fẹ́ di agbaninímọ̀ràn fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ó sọ fún àwọn olùkọ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí ẹnì kan bá wá bá òun tó ń fẹ́ ẹ̀yà bíi tirẹ̀, òun yóò sọ fún un pé ìwà náà kò dára, òun yóò sì gbìyànjú láti yí i padà, tàbí kí òun rán an lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe irú ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Ní 2010, ilé ẹ̀kọ́ fún un ní ètò àtúnṣe: kó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kó ka ìwé ìwádìí, kó bá àwọn tó ń fẹ́ ẹ̀yà ara wọn ṣe pọ̀, irú bíi kó lọ sí ìwọ́de ọdọọdún wọn ní Augusta, kó sì máa kọ èrò ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ lóṣooṣù. Keeton kọ̀, ó sì pe ilé ẹ̀kọ́ lẹ́jọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2011, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kọ̀ láti dá ilé ẹ̀kọ́ náà dúró. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé wọ́n fẹ́ fi agbára yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà. Kí ó má fi ìgbàgbọ́ yẹn lé ẹni tó wá gba ìmọ̀ràn lórí ni wọ́n ń sọ.

Ti Keeton yìí, mi ò ní àmúmọ́ra. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ilé ẹ̀kọ́ rán sí ọ kò yan ìwọ, kò sì ní owó láti yan ẹlòmíràn. Ní 2009 kan náà ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, American Psychological Association, gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn ìgbìyànjú láti yí irú ìfẹ́ tí ènìyàn ní padà. Ohun tí wọ́n rí ni pé kò dájú pé ó máa ń ṣiṣẹ́, àti pé ó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ní 2013, Exodus International, ẹgbẹ́ Kristẹni tó tóbi jù nínú iṣẹ́ yẹn, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Olórí wọn, Alan Chambers, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti ṣe ní ṣùtá. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀, kò yẹ kí wọ́n fún un níwèé àṣẹ. Ṣùgbọ́n pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ sí ìwọ́de, ìyẹn kò kọ́ ènìyàn ní bí a ti ń gbọ́ ìrora ẹlòmíràn. Ìwọ́de kì í ṣe kíláàsì.

Iṣẹ́ gidi wà nínú yàrá kékeré tí ènìyàn méjì jókòó sí. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọ̀kan, nílùú Houston, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ọmọkùnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlógún ló jókòó, ó ń fi ọwọ́ yí etí fìlà rẹ̀. Díákónì ni bàbá rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó kọjú sí i jẹ́ obìnrin tó lè bí i, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀, tí kì í pa ìsìn àárọ̀ jẹ. Ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀ wà ní igun, olùkọ́ yóò wò ó tó bá yá. Ọmọ náà ní, “Mà, mo ti gbààwẹ̀. Wọ́n ti gbàdúrà lé mi lórí. Kò lọ. Tí Dádì bá mọ̀, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́.”

Kí ni obìnrin yìí yóò sọ? Ó lè sọ pé kí ó tún ààwẹ̀ gbà. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ó ti di ọmọ ìjọ bàbá rẹ̀, kì í ṣe agbaninímọ̀ràn mọ́, ọmọ náà kò sì ní padà wá. Ó tún lè sọ pé, “Fi ṣọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀, wọn ò nífẹ̀ẹ́ rẹ.” Ọ̀pọ̀ ń rò pé èyí ni ìtìlẹ́yìn. Èmi rò pé ìpalára ni òun náà. Ọmọ yìí kò sọ pé òun fẹ́ fi Ọlọ́run sílẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ló dàgbà sí, orin ibẹ̀ ló mọ̀ọ́ kọ, ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń pè é ní àbúrò àti ẹ̀gbọ́n wà. Ta ló fún agbaninímọ̀ràn láṣẹ láti gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀? Ìwádìí 2009 tí mo mẹ́nu bà kò gbàgbé irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn ẹni tó wá gba ìmọ̀ràn, kí a má sọ ibi tí yóò forí lé fún un, kí a ràn án lọ́wọ́ kó fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà tí yóò fi gbé ayé rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí obìnrin náà bi í kò ju báyìí lọ: “Ṣé o máa ń sùn? Ǹjẹ́ ó máa ń ṣe ọ́ bíi kí o pa ara rẹ? Ta ló wà nínú ẹbí tí o lè fi ọ̀rọ̀ sí létí? Kí ni o fẹ́ kí Dádì mọ̀ nípa rẹ?” Kó sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Kò sí ohun tó ta ko ẹ̀sìn kankan nínú ìbéèrè wọ̀nyí. Kò sọ pé òun fọwọ́ sí nǹkan kan, kò sì sọ pé òun kò fọwọ́ sí i. Ìyẹn náà ṣòro púpọ̀ ju ìwàásù lọ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n kọ́ ọ. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n fòǹtẹ̀ lù ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe wákàtí 100 nínú iṣẹ́ àkọ́ṣe, lẹ́yìn náà 600 mìíràn, kó tó gboyè. Wákàtí wọ̀nyí ló wà fún irú ọmọ tó wà ní Houston yìí.

Àwọn olùkọ́ méjì, Michael Kocet àti Barbara Herlihy, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí èyí ní 2014. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí agbaninímọ̀ràn mọ̀ọ́mọ̀ ya ohun tí òun gbàgbọ́ sọ́tọ̀ fún àkókò tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kó má bàa wọ ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀, kó sì máa gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí ó bá nira. Wọn kò ní kó jù ú nù. Bó bá jáde, ìgbàgbọ́ rẹ̀ wà níbi tó fi í sí. Àwọn nọ́ọ̀sì wa ti ń ṣe irú èyí láti ọjọ́ pípẹ́. Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ Mùsùlùmí ń tọ́jú ọ̀mùtí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó rò pé ó ti gba ọtí láyè.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Gary McFarlane ní Bristol. Agbaninímọ̀ràn fún tọkọtaya ni, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Relate. Wọ́n dá a dúró ní 2008 nítorí wọn kò ní ìdánilójú pé yóò gba ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó ń fẹ́ra wọn nímọ̀ràn lórí ìbálòpọ̀. Ó gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù, ó sì fìdí rẹmi ní oṣù kìíní ọdún 2013. Ọ̀kan lára ohun tí ilé ẹjọ́ wò ni pé ó mọ ìlànà ilé iṣẹ́ náà kó tó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìgbaninímọ̀ràn lórí ìbálòpọ̀.

Ti Felix Ngole yàtọ̀ sí èyí. Ọmọ Kamẹrúùnù ni, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àwùjọ ní Yunifásítì Sheffield. Ní 2015 ó kọ ohun tí Bíbélì sọ sórí Facebook nígbà tí àwọn ènìyàn ń jiyàn lórí Kim Davis, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Kentucky, Amẹ́ríkà, tó kọ̀ láti fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì ní ìwé ìgbéyàwó. Yunifásítì lé e ní 2016. Ní oṣù keje ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní wọn kò ṣe é bó ṣe yẹ, pé kò sí ẹ̀rí pé ó ti ṣe ojúsàájú sí ẹnikẹ́ni, kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ohun tí Ngole sọ kò dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn sọ níta àti bó ṣe máa ṣe sí ẹni tó wá bá a kì í ṣe ọ̀kan, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ìfura lé ènìyàn kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ìwà ni kí a wò.

Ìpínlẹ̀ Tennessee gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, gómìnà Bill Haslam fọwọ́ sí òfin tó gba agbaninímọ̀ràn láyè láti kọ ẹni tí ohun tó ń wá kò bá ohun tí agbaninímọ̀ràn gbàgbọ́ mu, bó bá ti lè wá ẹlòmíràn fún un, àfi bí onítọ̀hún bá wà nínú ewu kánmọ́kánmọ́. Ẹgbẹ́ agbaninímọ̀ràn bínú, wọ́n gbé ìpàdé ọdún 2017 wọn kúrò ní Nashville lọ sí San Francisco. Inú mi kò dùn sí òfin yẹn. Ta ni yóò mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú ewu, nígbà tí kò ì tíì jókòó? Ẹni tó fẹ́ pa ara rẹ̀ kì í kọ ọ́ sórí fáìlì.

Nílé, ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ tún le sí i. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014 ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá sí ìgbéyàwó akọ sí akọ tàbí abo sí abo. Níbi tí òfin bá ti rí báyìí, ẹ̀rù ń ba ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ láti yanu, agbaninímọ̀ràn náà kò sì fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n àṣírí ẹni tó wá gba ìmọ̀ràn ṣì jẹ́ ẹrù agbaninímọ̀ràn ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bó ti jẹ́ ní Ypsilanti. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í bèèrè òfin kó tó wọlé.

Ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń ka èyí ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston, tàbí ní Atlanta ló ń múra láti kọ́ iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ tó níyì ni, a sì nílò yín níbẹ̀ torí ẹ gbọ́ èdè wa, ẹ sì mọ bí ilé wa ṣe rí. Ẹ béèrè ìwé ìlànà iṣẹ́ náà kí ẹ tó san owó ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ sì kà á tán. Bí ẹ bá rí i pé ẹ lè jókòó ti ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, kí ẹ sì gbọ́ ọ láìṣe ìwàásù fún un, ẹ lọ, ẹ má bẹ̀rù, ẹnikẹ́ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àdúrà yín lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ò ní lè ṣe é, iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn inú ìjọ wà, iṣẹ́ Ọlọ́run ni, ẹni tó bá wá síbẹ̀ sì mọ ohun tó wá gbọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ òfin yín sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé, kí ẹ sì fi Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yin tó ń múra láti kọ́ ọ, ẹ má gba iṣẹ́ yìí bí ẹ bá ti mọ̀ lọ́kàn yín pé ẹnì kan wà tí ẹ ó lé padà.